Oníbodè Kan Ṣoṣo Tó Kù: Bí Iná Tó Lọ ní Gáná Ṣe Yọ Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀ Òkun Maersk ní 2017

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun àtijọ́. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ó kan pọ́ọ̀tù, ó kan bodè, ó kan físà, ó sì kan iná mọ̀nàmọ́ná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tó ṣàjèjì sí ará Lagbé.

Ẹni tó bá ti dé pọ́ọ̀tù Kútọnu tàbí ti Àpápá rí, á ti rí orúkọ náà, MAERSK, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára kọ̀ńténà, pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun onígun méje lórí àwọ̀ búlúù. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Dẹ́nmárkì ni. Baba àti ọmọ, Peter Mærsk Møller àti A. P. Møller, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní ìlú Svendborg ní 1904. Nígbà tí yóò fi di 2017, ó ti ní nǹkan bí 800 ọkọ̀ lórí òkun, ọ́fíìsì 574 ní orílẹ̀-èdè 130, àti ibùdó kọ̀ńténà 76 káàkiri ayé, tí ti Àpápá wà nínú wọn. Nínú kọ̀ńténà márùn-ún tó ń rìn lórí òkun, bí ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Ẹja àti adìẹ inú yìnyín, aṣọ òkìrìkà, ẹ̀yà ara mọ́tò, oògùn, bébà, ohun tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ, wọ́n ti gbé e rí.

Láyé ọjọ́sí, bébà ló máa ń sọ ohun tó wà nínú àpótí, ẹni tó ni ín, àti ibi tó ń lọ. Láyé òde òní, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù dé ẹnu géètì pọ́ọ̀tù, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ nọ́ńbà kọ̀ńténà, kọ̀ǹpútà dáhùn, géètì ṣí. Bí kọ̀ǹpútà kò bá dáhùn, kọ̀ńténà tó wà nílẹ̀ yẹn kàn jẹ́ àpótí irin lásán, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá bàtà ló wà nínú rẹ̀ tàbí ẹran tó ti fẹ́ máa rà.

Kí a tó dé Gáná, a ní láti kọ́kọ́ gba Ukréìn kọjá, nítorí ibẹ̀ ni iná ti ràn.

Láti 2014 ni Rọ́ṣíà àti Ukréìn ti ń bá ara wọn jà. Apá kan ìjà náà wà lójú ogun, apá kan wà nínú kọ̀ǹpútà. Ní Ukréìn, ètò ìṣirò owó kan wà tí wọ́n ń pè ní M.E.Doc. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣòwò tó sì ń san owó orí níbẹ̀ ló ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Kyiv, tó jẹ́ ti ìdílé kan, ló ni ín. Àwọn kan yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi kòkòrò pamọ́ sínú àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2017, nígbà tó ku ọ̀la kí Ukréìn ṣe àjọ̀dún òfin-ìpìlẹ̀ wọn, ni kòkòrò náà jí.

NotPetya ni wọ́n sọ ọ́. Ìdí ni pé ó jọ kòkòrò kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Petya, àmọ́ kì í ṣe òun. Petya máa ń ti fáìlì ènìyàn pa, á sì gba owó kí ó tó ṣí i. NotPetya náà kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n san dọ́là 300, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó san owó àti ẹni tí kò san, ọ̀kan náà ni wọ́n: gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́ láìní àtúnṣe. Lọ́rọ̀ kan, kì í ṣe olè, apànìyàn tó wọ aṣọ olè ni.

Ohun tó mú kó yára ni pé ohun ìjà méjì ló so pọ̀. Ọ̀kan ni EternalBlue, irinṣẹ́ tí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ṣe ní ìkọ̀kọ̀ láti máa fi wọ kọ̀ǹpútà olóhun, tí àwọn kan jí lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì jù sí ìgboro ní oṣù kẹrin 2017. Èkejì ni Mimikatz, tí ọmọ Faransé kan, Benjamin Delpy, ti ṣe ṣáájú láti fi han ayé pé Windows ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù síbi tí kò yẹ. Microsoft ti gbé oògùn EternalBlue jáde láti oṣù kẹta. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà 99 nínú 100 bá ti lo oògùn yẹn, NotPetya á wọ inú ọ̀kan tó kù, á fi Mimikatz kó pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀, á sì fi ṣílẹ̀kùn àwọn 99 náà bí onílé.

Àwọn ará Maersk kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní ọ́fíìsì wọn ní Odessa ní Ukréìn, ni wọ́n fi M.E.Doc sí, nítorí ọ̀gá ìṣirò owó kan níbẹ̀ béèrè fún un. Ọ̀kan yẹn tó.

Ní Copenhagen, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sá láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń kígbe pé kí wọ́n fa wáyà yọ, àwọn mìíràn ń fo géètì inú ọ́fíìsì tí káàdì kì í ṣí mọ́. Ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n fi já gbogbo ìsopọ̀ ilé-iṣẹ́ náà káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Tẹlifóònù orí tábìlì pàápàá ti kú, nítorí kọ̀ǹpútà ló ń gbé e rìn.

Mẹ́tàdínlógún nínú ibùdó 76 náà ló dákẹ́. Ní Elizabeth, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù tò lẹ́yìn ara wọn fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, géètì kò ṣí, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí fún awakọ̀. Ọkọ̀ tó wà lórí òkun kò ní ìṣòro. Ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà wọn là. Orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Fún ọjọ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ kọ̀ńténà ń gba ẹrù lórí WhatsApp àti Gmail ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò bá wa gbé ẹrù kọjá Ìgólò.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn la dé yìí.

Maersk sọ ọ́fíìsì wọn kan ní Maidenhead, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, di ibi àtúnṣe. Wọ́n kó bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ènìyàn jọ síbẹ̀, ti ara wọn àti ti ilé-iṣẹ́ Deloitte tí wọ́n gbà kún un. Àwọn kan ń sùn lábẹ́ tábìlì. Wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tì ségbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì lọ ra tuntun ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àyíká. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dà tí wọ́n ti pamọ́ wò, inú wọn kọ́kọ́ dùn: ọ̀pọ̀ server wọn ní ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta sí méje ṣáájú. Ṣùgbọ́n irú server kan wà tí wọn kò rí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí a pe irú server náà ní oníbodè, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Òun ló ní àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù wọn, kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, yàrá tí ẹnì kan lè wọ̀ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, oníbodè ni wọ́n jọ máa ń bi léèrè. O lè tún gbogbo server yòókù kọ́, bí kò bá sí oníbodè, wọn ò ní dá ara wọn mọ̀. Wọ́n á kàn jókòó bí àlejò inú ọkọ̀ kan náà tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn.

Maersk kò sì ṣe àìbìkítà nípa oníbodè. Nǹkan bí 150 ni wọ́n ní, tí wọ́n tò káàkiri ayé. Wọ́n ṣe é kí olúkúlùkù máa daṣọ bo èkejì. Bí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá kọ orúkọ tuntun sílẹ̀, gbogbo àwọn yòókù á kọ ọ́. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù ní gbogbo ohun tó ní. Ètò tó dára ni, fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú tàbí tí méjì bá kú. Kò sí ẹni tó ronú ọjọ́ tí gbogbo wọn máa kú pa pọ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní ti oníbodè Maersk, ìrìnpọ̀ ló pa wọ́n. Ìsopọ̀ tí ẹ̀dà ń gbà kọjá náà ni kòkòrò gbà. Àádọ́jọ ilé tí ògiri wọn fara kan ara wọn ni, iná kan ló jó gbogbo wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ́fíìsì káàkiri ayé, ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń bi wọ́n bóyá ohunkóhun kù. Níkẹyìn, ọ́fíìsì Gáná dáhùn. Iná ti lọ lọ́dọ̀ wọn kí kòkòrò tó dé. Oníbodè tiwọn ti pa kú, ó sì já kúrò lára ìsopọ̀. Nígbà tí NotPetya ń wọ ilé kiri, ó bá ìlẹ̀kùn yẹn ní títì pa, inú ilé sì ṣókùnkùn. Ó kọjá.

Àwọn tó wà ní Maidenhead hó yèè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí ló yẹ kí inú yín kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A mọ iná tó ń lọ. Ní Lagbé a máa ń pè é ní délestage, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìdí-Ìrókò orúkọ NEPA ni wọ́n ṣì ń pè bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kúrò nílẹ̀ ọjọ́ pẹ́, ní Gáná wọ́n ń pè é ní dumsor: dum ni pa á, sɔ ni tàn án, lédè Akan. Láti 2012 sí 2016 ni dumsor fojú àwọn ará Gáná rí màbo. Ní oṣù karùn-ún 2015, àwọn òṣèré àti ará ìlú fi àbẹ́là lọ́wọ́ rìn ní Àkrà láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2017, ó ti dín kù, kò tíì tán.

Iná yẹn sì bá tiwa tan. Ní 1968, Dahomey ìgbà náà àti Tógò jọ dá CEB sílẹ̀ láti máa wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, láti àwọn ọdún 1970 ni iná Akosombo ní Gáná sì ti ń gba Tógò wá sọ́dọ̀ wa. Apá kan gáàsì tí Gáná náà fi ń dá iná, ilẹ̀ Yorùbá ló ń gbà kọjá: páìpù gáàsì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ láti Ítòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Bàdágírì wọ òkun, ó kọjá níwájú Kútọnu àti Lomé kó tó dé Tema. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fa páìpù náà ya nínú omi Tógò, gáàsì dá, ìyẹn sì wà lára ohun tó dá dumsor sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní ìtàn Maersk yìí kì í ṣe ti Gáná nìkan. Bí iná bá lọ ní etí òkun yìí, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí àwàdà: pé òkùnkùn Áfíríkà ló gba òyìnbó là. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín jìnnà. Iná tó lọ yẹn kan náà ló ń ba oògùn abẹ́rẹ́ jẹ́ nínú fíríìjì ilé ìwòsàn, òun ló ń mú alágbẹ̀dẹ irin àti aránṣọ jókòó lásán. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ohun tó gba Maersk là ni pé ẹ̀dà kan ṣẹlẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ àwọn yòókù kò tó. Ohun tí ọ̀gá kan ì bá fi òye ṣe láìná owó púpọ̀, iná tó lọ ló bá wọn ṣe é.

Wọn ò sì lè sọ pé wọn ò gbọ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà Maersk ti kìlọ̀. Àwọn server kan ṣì wà tó ń lo Windows 2000, tí Microsoft fúnra rẹ̀ ti pa tì. Wọ́n fọwọ́ sí ètò àtúnṣe, wọ́n tilẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún un, àmọ́ kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀bùn àwọn ọ̀gá lópin ọdún. Nítorí náà kò sí ọ̀gá tó sáré sí i.

A padà sí Gáná. Oníbodè wà láàyè, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yẹn kéré. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún gígábáìtì. Láti fi í ránṣẹ́ sí Maidenhead á gba ọjọ́ púpọ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ń pàdánù owó ní wákàtí wákàtí. Wọ́n pinnu pé kí ẹnì kan gbé e wọ bàálù.

Ta ni yóò gbé e? Kò sí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì Gáná tó ní físà Ìlú Ọba.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ayé kọjá bodè 130 láìwẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó di gbogbo ọjọ́ iwájú ilé-iṣẹ́ náà mú lọ́wọ́ kò lè wọ Heathrow. Kọ̀ńténà ní ìwé ìrìnnà tó ju ti ènìyàn lọ. Ẹni tó bá ti fi òru tò síwájú ilé físà rí ní Kútọnu tàbí ní Èkó kò ní kà á sí ohun ìyanu.

Bí wọ́n ṣe wá yanjú rẹ̀ nìyí: òṣìṣẹ́ kan láti Gáná wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì gbé hard disk náà lé e lọ́wọ́. Ẹnì kejì yìí ló wá wọ bàálù wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìrántí ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà nínú àpò ẹnì kan tó jókòó sáàárín àwọn èrò, bóyá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà.

Ìdajì àkọ́kọ́ ìrìn yẹn rọrùn nítorí ìwé kan tí àwọn olórí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù karùn-ún 1979, èyí tó sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè CEDEAO kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwa ará bodè sábà máa ń fi ìwé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí a mọ iye ibi tí wọ́n ti ń dá wa dúró láàárín Ìgólò àti ọjà tí a ń lọ. A sì rántí pé kò tíì pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìfọwọ́sí náà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gáná jáde, ní oṣù kìíní 1983, tí wọ́n kó ẹrù sínú báàgì onílà tí a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní, tí èrò wọn sì kún ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bí wọ́n ti ń wá ọ̀nà kọjá lọ sílé. Ìwé kan náà ni, òun ló sì tún jẹ́ kí ẹni tó wá láti Gáná ní 2017 wọ Nàìjíríà láìsí wàhálà, pẹ̀lú ẹrù tó kéré ju báàgì yẹn lọ púpọ̀púpọ̀.

Nígbà tí hard disk dé Maidenhead, wọ́n fi jí oníbodè dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn yòókù tì í. Pọ́ọ̀tù ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní 2018, ní ìpàdé Davos, alága Maersk, Jim Hagemann Snabe, sọ fún àwọn tó péjọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún server 4,000, kọ̀ǹpútà 45,000 àti ètò kọ̀ǹpútà 2,500 gbé kalẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ kó gba oṣù mẹ́fà. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń tún àwọn tó kù ṣe fún nǹkan bí oṣù méjì. Ilé-iṣẹ́ náà ṣírò àdánù rẹ̀ sí dọ́là mílíọ̀nù 250 sí 300. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò ti gbogbo ayé sí bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní oṣù kejì 2018, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sọ ní gbangba pé iṣẹ́ àwọn ológun Rọ́ṣíà ni, ní oṣù kẹwàá 2020 Amẹ́ríkà sì pe mẹ́fà nínú wọn lẹ́jọ́ pẹ̀lú orúkọ. Rọ́ṣíà ní òun kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ní ọ́fíìsì ní Gáná. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, bátìrì gbiná ní ilé server ìjọba Kòríà Gúúsù ní Daejeon. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kó fáìlì iṣẹ́ wọn sí. Terabáìtì 858 ló jóná, kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn, nítorí wọ́n ní ó ti tóbi jù láti dà kọ. Ká sọ òótọ́, orílẹ̀-èdè tó ń ṣe Samsung nìyẹn.

Ẹ wá fi wé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2022, àwọn kan dáná sun ọ́fíìsì INEC ti Gúúsù Abẹ́òkúta. Káàdì ìdìbò 65,699 tí àwọn olùdìbò kò tíì wá gbà jóná pẹ̀lú àpótí ìbò 904. Ó ku oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kí wọ́n dìbò yan Ààrẹ. Ṣùgbọ́n káàdì àti ohun èlò nìkan ló jóná. Orúkọ, àwòrán àti ìka ọwọ́ àwọn tó ni ín wà níbòmíràn, nítorí náà wọ́n tún káàdì náà tẹ̀.

Àwa Yorùbá ìhà ìhín ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ run ìlú Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú di igbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lóko ẹrú ṣì di ìlú náà mú sórí: ẹbí tó ń jọba, ẹbí tó ń fi ọba jẹ, ibi tí olúkúlùkù ń gbé. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, àwọn Kétu padà sílé ní nǹkan bí 1893 sí 1894, wọ́n tún ìlú náà tò bí wọ́n ti rántí rẹ̀, wọ́n sì fi Alákétu jẹ. Orúkọ àwọn ọba àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kà á, títí Parrinder fi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Kétu tó jáde ní 1956. Ẹnikẹ́ni tó bá jó ààfin nìkan, kò tíì jó Kétu.

Ní Lagbé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìwé ìbí kan ṣoṣo, nínú àpò ọ̀rá kan, nínú àpótí kan, nínú yàrá kan. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, fọ́tò bàbá wà nínú fóònù ọmọ kan. Bẹ́ẹ̀ a ní ẹ̀gbọ́n ní Ìláròó, a ní àbúrò ní Àjàṣẹ́, a ní ìyàwó àbúrò ní Pọ́bẹ̀. Yíya fọ́tò ìwé kan kí a sì fi í sọ́wọ́ ẹbí tó ń gbé lódìkejì bodè kò ju iṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ní físà nínú.

Àwọn méjì tó gbé hard disk náà, ẹni tó gbé e kúrò ní Gáná àti ẹni tó gbà á ní Nàìjíríà, akọ̀ròyìn Andy Greenberg tó kọ ìtàn yìí síta nínú ìwé ìròyìn Wired ní oṣù kẹjọ 2018 kò dárúkọ wọn. Alága tó sọ̀rọ̀ ní Davos ni orúkọ rẹ̀ wà káàkiri. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù Kútọnu, Àpápá tàbí Tema ní ọ̀sẹ̀ ìparí oṣù kẹfà 2017, bóyá ẹ jẹ́ awakọ̀, alágbàrù, akọ̀wé tàbí oníṣòwò tó dúró ti kọ̀ńténà tí kò jáde, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe wù kí àmì orí rẹ̀ rí. A ó gbé e síbí, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì.